Ìwé Ìforúkọsílẹ̀ Kì Í Ṣe Àṣẹ Láti Gba Owó Wa

Nígbà tí CBEX dẹnu kọlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, fídíò tó gba orí fóònù gbogbo wa kan ní Ìbàdàn ni ti ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó. Àwọn èrò ya wọ ibẹ̀, wọ́n ń gbé àga, wọ́n ń kó ẹrù, ohun tí ọwọ́ kálukú bá bà ló ń gbé jáde. Ọ̀pọ̀ wa wo fídíò náà, a rẹ́rìn-ín, a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa. Ẹni tí ₦400,000 rẹ̀ há síbẹ̀, tó wá ń ru àga kan ṣoṣo lọ sílé, kò rò pé àga náà tó owó òun. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ibòmíràn tí òun lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà. Nínú gbogbo fídíò tí mo wò, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ SEC.

SEC yìí ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 1980. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ aráàlú pé òun yóò bá wọn fi ṣòwò, òun yóò sì fún wọn ní èrè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ gba àṣẹ. Tí a bá yọ gbogbo gẹ̀ẹ́sì kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ tí a gbé fún un ni pé kí èèyàn lè gbé owó rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, kó sì sùn lálẹ́. Níbi tí kò bá ti sí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn, ẹni tí o mọ ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni wàá máa gbé owó fún, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó lè fi ìyẹn kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá.

Fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kúrò nílé ìwé, tí wọn ò sí lára àwọn tí wọ́n ń fi líǹkì CBEX yọ lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní AI kan tó ń ra kírípítò tó sì ń tà á láìsùn láìwo, àti pé owó yòówù téèyàn bá fi síbẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Yorùbá ti ní orúkọ fún irú òwò yìí tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa AI: sogúndogójì. Owó ẹni tó wọlé lónìí ni wọ́n fi ń san èrè ẹni tó wọlé lánàá. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìṣirò yín, kí ẹ fi ₦50,000 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ ọ́ di méjì lóṣooṣù. Nígbà tí ọdún kan bá pé, yóò ti di ₦204,800,000. Nígbà tí ọdún méjì bá pé, yóò ti lé ní ₦838 bílíọ̀nù. Owó yẹn tó ra gbogbo Àpẹ̀tẹ̀, kí a sì fi ṣẹ́ńjì rẹ̀ tún títì ṣe.

Lẹ́yìn náà ni owó kò ṣe é gbà jáde mọ́. Wọ́n ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó $1,000 san $100 sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ san $200, kí àwọn lè mọ̀ pé èèyàn gidi ni. Ìwé ìròyìn gbé e pé owó tó bá a lọ lé ní ₦1.3 tírílíọ̀nù. Àwọn kan ń jiyàn iye yẹn, wọ́n lè jàre, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé owó ilé ìwé, owó ilé àti owó ọjà àwọn ìyá wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́yìn irú èyí ni pé ojúkòkòrò ló kó bá wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jẹ́ pé líǹkì tiwọn ni ẹlòmíràn fi wọlé. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣe dáadáa rí lọ́dún náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti di ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Tírẹ́ṣọ̀ bíìlì tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń tà fún ọdún kan gbáko ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ń mú èrè tó wà láàárín ìdá 17 sí 23 wá. Ìyẹn ni pé ẹni tó tẹ̀lé òfin, tó gbé owó rẹ̀ síbi tí kò léwu, ń wo owó náà bó ṣe ń yọ́ bí yìnyín. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi kún owó ilé ìwé rẹ̀ láàárín ọdún kan, tí onílé sì tún fi kún owó ilé, yóò máa wá ohunkóhun tó lè sáré ju owó ọjà lọ. Ojúkòkòrò nìkan kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà: tí ojúkòkòrò bá jẹ́ àlàyé gbogbo rẹ̀, kò sí ìdí tí a fi ń sanwó fún SEC.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. EFCC sọ nílé ẹjọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ST Technologies International Limited ló gbé CBEX fún àwọn èèyàn. Ilé-iṣẹ́ náà kò fara pamọ́. Ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ó tún gba ìwé SCUML ní oṣù Kìíní ọdún 2025, SCUML sì jẹ́ ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC kan náà. Nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì lórí ìkànnì WhatsApp, àwòrán àwọn ìwé wọ̀nyí ni wọ́n máa ń fi dá a lóhùn. Àmì ìjọba wà lórí rẹ̀, asà àti ẹyẹ idì. Kí ni ìyá oníṣòwò kan ní Àpẹ̀tẹ̀ yóò sọ sí i? Kí ni èmi àti ìwọ pàápàá, tí a ń kàwé, máa sọ sí i?

Ohun tó yẹ ká sọ sí i ni pé ìwé CAC kò ju ìwé ìbí lọ. Ó ń sọ pé wọ́n bí ọmọ kan, orúkọ rẹ̀ rèé. Kò sọ pé ọmọ náà kì í jalè. Gbogbo oníPOS ni ìjọba ní kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ní ọdún 2024, kò sì túmọ̀ sí pé oníPOS ẹnu ọ̀nà yín lè máa bá yín ra ìpín ìdókòwò. Ìwé SCUML náà kò sọ ju báyìí lọ: ẹ ti jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ wà, ẹ máa jábọ̀ fún wa tí ẹ bá rí owó tí kò mọ́. Àṣẹ láti gba owó aráàlú fi ṣòwò, SEC nìkan ló ní i. SEC sì jáde láti sọ pé àwọn kò fún CBEX ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn dé, owó ti há. Ẹ̀ka ìjọba kan ló fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ẹ̀ka kejì wá ń sọ fún wa lẹ́yìn ìsìnkú pé òǹtẹ̀ náà kò túmọ̀ sí ohun tí a rò.

Mo máa ń ronú nípa àwọn alájọ nígbà tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ SEC. Alájọ tó ń kọjá láàárín ọjà lójoojúmọ́ kì í ṣèlérí èrè kankan. Kódà, ìwọ lò ń sanwó fún un: dá ₦500 lójúmọ́ fún oṣù kan, owó ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀, ó kó ìyókù fún ọ. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa fọkàn tán an, torí wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n mọ ìyàwó rẹ̀, wọ́n mọ mọ́ṣáláṣí tó ń kírun. Alájọ náà máa ń sá lọ nígbà mìíràn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tí owó náà ní. Nígbà tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ alájọ bọ́ sórí fóònù, ẹ̀ṣọ́ yẹn ti kúrò nídìí rẹ̀, ìjọba ló sì yẹ kó dúró síbẹ̀. Báǹkì mọ èyí: láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tí báǹkì ńlá kan bá kú, NDIC yóò san tó ₦5 mílíọ̀nù fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó gbé CBEX wá náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ohun tó yẹ kó jẹ́ orí fóònù nìkan fi ní ọ́fíìsì ní Òkè-Àdó. Wọ́n mọ̀ pé ará Ìbàdàn fẹ́ rí ilé ẹni tó gbé owó fún. Àwọn àga tí èrò kó lọ yẹn gan-an ni ìjẹ tí wọ́n fi dẹ wọ́n.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. MMM ti owó pa ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. NDIC sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù ₦18 bílíọ̀nù sí i. Àwọn èèyàn máa ń bi wá pé kí ló dé tí a kò kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ìtàn tó ṣáájú MMM ló jẹ mọ́ wa jù, òun ni a kì í sì í sọ, torí àwọn òbí wa ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní nǹkan bí ọdún 2005 sí 2008, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò ló ń ra ìpín ìdókòwò. Báǹkì Àpapọ̀ ti ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù lọ́wọ́, báǹkì 89 ti di 25, wọ́n sì ń ta ìpín lójú pópó bí ẹní ń ta búrẹ́dì. Àwọn èèyàn ń yá owó kọ́párétíìfù fi rà á. Ohun tí kò hàn sí wọn ni pé àwọn báǹkì kan ń yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ìpín báǹkì náà fúnra rẹ̀, kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà wà ní nǹkan bí 66,371. Ní ìparí ọdún 2009, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,800. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009 ni Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, lé àwọn ọ̀gá báǹkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Cecilia Ibru ti Oceanic Bank gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ọdún 2010, ó sì fi dúkìá tó lé ní ₦190 bílíọ̀nù sílẹ̀. Ó di ọdún 2023 kí òṣùwọ̀n ọjà náà tó kọjá ibi tó ti já lulẹ̀, náírà ọdún 2023 kì í sì í ṣe náírà ọdún 2008.

Ọjà yẹn kì í ṣe sogúndogójì o. Ọjà tó lófin ni, tí SEC ń wò. Ẹ lọ wo inú báàgì tí ọ̀pọ̀ òbí ń kó ìwé pamọ́ sí, ẹ óò rí ìwé ìpín báǹkì tí kò sí mọ́. Irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó lọ ra ìpín. Ohun tó máa ń sọ ni pé olè ni gbogbo wọn. Ọmọ tó bá sì ti gbà pé olè ni gbogbo wọn, kí ni ìyàtọ̀ ẹni tó ní àṣẹ àti ẹni tí kò ní lójú rẹ̀? Yóò kúkú lọ sọ́dọ̀ olè tó ń san owó jù. Èrò tèmi nìyí, mi ò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́: ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n bà jẹ́ ní 2008, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tún ṣe fún àwọn tó pàdánù, wà lára ohun tó ti àwọn ọmọ wọn lọ sí Òkè-Àdó.

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kí CBEX tó wó, ni a gbọ́ pé Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun. Òfin náà dárúkọ sogúndogójì ní tààràtà, ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí ₦20 mílíọ̀nù wà fún ẹni tó bá ṣe é. Ó tún fi kírípítò sábẹ́ SEC. Òfin tó dára ni, mo gbóṣùbà fún un. Ṣùgbọ́n àwa ará Àpẹ̀tẹ̀ ti rí irú ọ̀rọ̀ báyìí rí. Nígbà tí àgbàrá oṣù Kẹjọ ọdún 2011 gbé afárá wa lọ, kò sí òfin tó lè gbé ẹni tó fẹ́ lọ sí Poly kọjá lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún afárá kọ́ lẹ́yìn náà, ó dára. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ẹni tó ń bójú tó afárá ni pé ta ló yẹ kó ti wo òpó rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá kò ní dá owó ẹnikẹ́ni padà, àgàgà tí ẹni tó yẹ kó ṣe ẹ̀wọ̀n náà bá ti kó owó náà kọjá sórí kírípítò.

Àwọn kan yóò ní SEC kò lè wà níbi gbogbo. Òótọ́ ni. Ti Amẹ́ríkà pàápàá sùn. Harry Markopolos ti ń kọ̀wé sí SEC tiwọn láti ọdún 2000 pé òwò Bernard Madoff kò lè jẹ́ òótọ́, ó di oṣù Kejìlá ọdún 2008 kí wọ́n tó mú ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ilé ẹjọ́ yan agbẹjọ́rò kan, Irving Picard, pé kó wá owó náà rí, ó sì ti gba ohun tó lé ní bílíọ̀nù $14 padà. Díẹ̀ lára owó náà wá láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ nǹkankan, àmọ́ tí wọ́n ti gba owó jáde ju èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ lọ. Òfin ní èrè tí wọ́n jẹ kì í ṣe èrè, owó ẹlòmíràn ni.

Èyí gan-an ni a kò fẹ́ gbọ́ nínú ọgbà wa. Àwọn kan láàárín wa wọlé ní kùtùkùtù, wọ́n gbà á jáde ní ìlọ́po méjì, wọ́n ra fóònù. Àwọn kan ń gba owó lórí gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú wá. A ń pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n torí pé wọ́n tètè jáde. Ó yẹ kí òfin wa náà ní ọ̀nà tí a fi ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó pàdánù, láìsọ ọmọ ogún ọdún tí kò mọ̀ di ọ̀daràn. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dá òwò náà sílẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò panu mọ́, EFCC kò sì ní rí ẹlẹ́rìí. Ìtìjú ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí CAC kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé rẹ̀ pé ìwé yìí kì í ṣe àṣẹ láti gba owó ìdókòwò, kí SCUML ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ìjọba wọ̀nyí tó bá rí ilé-iṣẹ́ tó ń polówó èrè ìdá 100 lóṣù kan ránṣẹ́ sí SEC lọ́jọ́ náà. Kí ìkìlọ̀ SEC sì kúrò lórí ìwé gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akọ̀ròyìn Àbújá ń kà. Ní ìlú yìí, tí wọ́n bá jẹ èèyàn lówó, orí rédíò ló ń gbé e lọ, kódà kó tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Tí SEC bá ń fẹ́ kí a gbọ́ òun, ó mọ̀nà Agídìgbò FM.

Ní ti àwa fúnra wa, orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tí SEC fún láṣẹ wà lórí ìkànnì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti wá a. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ líǹkì náà mọ́ ojú pátákó gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì láti Àpẹ̀tẹ̀ dé Agbowó. Kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí SEC, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè kan péré: tí irú ọ́fíìsì yẹn bá tún ṣí ní Òkè-Àdó lọ́la, tí ẹnì kan nínú wa sì pè yín láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ta ni yóò wá wò ó, ọjọ́ wo ni yóò sì dé?